Títún Ìlú Èkó Kọ́: Ta Ni Yóò Sanwó, Ta Ni Yóò sì Padà Wọlé?

Ọ̀ràn tí a mú wá síwájú yín ní ọ̀sẹ̀ yí kì í ṣe ọ̀ràn tuntun ní Èkó, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ kan tí kì í ṣe ọ̀ràn òòjọ́. Ọ̀ràn ilé gbígbé ni. Nígbàkúùgbà tí a bá gbọ́ pé àwọn aláṣẹ fẹ́ wó àdúgbò kan tí ó ti gbó, kí wọ́n sì fi ilé tí ó lẹ́wà rọ́pò rẹ̀, inú àwọn kan a máa dùn, ẹ̀rù a sì máa ba àwọn mìíràn. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn ń wo àwòrán ilé tí wọ́n yà sára pátákó, ẹni tí ẹ̀rù ń bà ń wo ẹrù rẹ̀, ó ń wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Níbo ni èmi yóò sùn?" Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwa náà wí pé ó yẹ kí a wo àpò, kí a sì wo ẹni tí ń gbé inú ilé, kí a tó sọ àdúgbò ní orúkọ tuntun.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́. Àwa kì í ṣe alágbàwí ẹ̀gbin. Àdúgbò tí ènìyàn mẹ́jọ ń sùn nínú yàrá kan, tí gọ́tà kò ríbi ṣàn sí, tí ilé ìgbẹ́ kan ṣoṣo wà fún ọ̀pọ̀ ìdílé, kò yẹ ọmọ ènìyàn. Ìjọba tí ó bá rí irú èyí tí ó sì káwọ́ gbera kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí ni pé, láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti ń tún Èkó ṣe, ètò kò wọ́n wa. Ìṣirò tí ó pé ni ó wọ́n wa. A máa ń ṣírò bíríkì, a máa ń ṣírò símẹ́ńtì àti ọ̀nà, ṣùgbọ́n ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀ kì í sábà sí nínú ìwé ìṣirò náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orísun rẹ̀. Ní ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ ìlú Èkó, ó jà fún ọdún mélòó kan, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ni ó mú kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 1928, èyí tí a pè ní Lagos Executive Development Board, tí tọmọdé tàgbà sì mọ̀ sí L.E.D.B. A fún ìgbìmọ̀ yí ní àṣẹ láti gba ilẹ̀, láti wó ilé tí kò bá ìlera mu, láti fi yẹ̀pẹ̀ dí àbàtà, àti láti la òpópó. Yábàá wà nínú àwọn ibi tí wọ́n pín sí púlọ́ọ̀tì, kí àwọn tí ó kúrò ní erékùṣù náà lè rí ibi tẹ̀dó sí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó sọ orúkọ ìgbìmọ̀ náà di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ènìyàn ni wíwó àárín gbùngbùn Èkó. Ní ọdún 1951 ni a gbé ètò náà kalẹ̀, ní ọdún 1955 ni iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó tó 70 éékà ni wọ́n pinnu láti wó kanlẹ̀, láàárín ibi tí ọjà ti ń tà jù lọ ní gbogbo ìlú. Òmìnira ti sún mọ́ tòsí nígbà náà, àwọn olóṣèlú wa kò sì fẹ́ kí àlejò ti òkèèrè dé olú-ìlú kí ó wá bá páànù jíjẹrà àti gọ́tà dúdú. Báyìí ni ètò náà lọ: ìgbìmọ̀ yóò fi agbára òfin gba ilẹ̀ àti ilé lọ́wọ́ àwọn tí ó ni wọ́n, yóò sì san owó wọn fún wọn, yóò wó ilé, yóò la ọ̀nà gbòòrò, yóò gbẹ́ gọ́tà, lẹ́yìn náà ni yóò pín ilẹ̀ náà sí púlọ́ọ̀tì tí àwọn onílẹ̀ àtijọ́ lè rà padà, bí agbára wọn bá ká a. Àwọn tí a bá kó kúrò yóò lọ máa gbé ní Sùúrùlérè, ní ilé tí ìgbìmọ̀ náà kọ́ fún wọn, tí owó rẹ̀ kò sì tó iye tí ilé náà ná ìjọba, nítorí pé ìjọba bá wọn gbé lára ẹrù náà.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ka ètò yìí lórí ìwé, ẹ ó yìn ín. A kò lé ènìyàn sí ìgboro. A ti kọ́ ilé dè wọ́n. A dín owó ilé kù fún wọn. Orúkọ ibẹ̀ pàápàá ń tù wọ́n nínú, pé bí wọ́n bá ní sùúrù, èrè ń bọ̀. Kí ni ó wá fà á tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi sunkún?

Ọ̀gbẹ́ni Peter Marris, Gẹ̀ẹ́sì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwádìí ìgbé ayé àwùjọ, wá sí Èkó ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ó wọ ilé àwọn ènìyàn ní àárín Èkó, ó sì wọ ilé wọn ní Sùúrùlérè, ó ń bi wọ́n léèrè bí nǹkan ti rí fún wọn ṣáájú àti lẹ́yìn. Ìwé tí ó kọ jáde ní ọdún 1961. Ohun tí ó bá níbẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Àwọn òṣìṣẹ́ olówó oṣù kan wà tí inú wọn dùn sí ilé tuntun náà, nítorí pé wọ́n rí ìdákẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n sì rí ààyè fún ìyàwó àti ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi òwò jẹun pàdánù oníbàárà wọn. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí san owó ọkọ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ẹbí tí ń gbé agbolé kan náà fọ́n káàkiri, tí ọmọ kò sì lè rí ìyá rẹ̀ àfi bí ó bá ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, kí ó lè yé gbogbo wa. Ẹ ro ti ìyá kan tí ń ta aṣọ ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹbí rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kò san owó ilé, nítorí pé ilé baba rẹ̀ ni. Kò san owó ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò gba ọmọ ọ̀dọ̀, nítorí pé ìyá rẹ̀ àgbà wà nínú yàrá kejì, òun ni ó ń bá a mójú tó àwọn ọmọ. Àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n láti ogún ọdún, ó sì lè tà fún wọn ní àwìn nítorí pé ó mọ ilé wọn. Ní ọjọ́ tí a kó o lọ sí Sùúrùlérè, ó rí yàrá tí ó mọ́ tónítóní gbà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà gan-an ni ó bẹ̀rẹ̀ sí san owó ilé, owó ọkọ̀, owó ìsọ̀ lọ́jà, àti owó ẹni tí yóò bá a tọ́jú ọmọ. Oníbàárà rẹ̀ kò sì mọ ibi tí ó wà mọ́. Ìgbìmọ̀ sọ pé àwọn dín owó ilé kù fún un. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá yìí kò san owó ilé rí!

Àwa tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìwé owó nínú ọ́fíìsì mọ̀ pé ojú ìwé méjì ni ìwé owó ní: owó tí ó wọlé, àti owó tí ó jáde. Akọ̀wé tí ó bá kọ ọ̀kan tí ó sì fi èkejì sílẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ yóò pè é, yóò sì bá a wí. Nínú ìwé ìtúnlùúṣe ti ọdún 1955, a kọ iye ilẹ̀, a kọ iye bíríkì, a kọ iye ọ̀nà àti gọ́tà. A kò kọ owó ọkọ̀ ẹni tí a kó kúrò. A kò kọ èrè tí oníṣòwò pàdánù. A kò kọ iye tí ìyá àgbà tí ń tọ́jú ọmọ láìgba kọ́bọ̀ jẹ́. Ṣé nítorí pé a kò kọ wọ́n, a kò ha san wọ́n ni? A san wọ́n. Àwọn tí a kó kúrò ni ó san wọ́n láti inú àpò ara wọn, àwọn tí wọn kò sì ní àpò fi oúnjẹ ọmọ wọn san án.

Ọ̀ràn onílẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ilé ẹbí ní Èkó kì í ṣe ti ẹnì kan. Nígbà tí a bá san owó ilé bẹ́ẹ̀, ó di pínpín láàárín ọmọ, ọmọ-ọmọ, àti ìbátan. Ohun tí ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò lè ra púlọ́ọ̀tì padà, kò sì lè kọ́ ilé alájà gíga tí òfin tuntun ń béèrè fún. Nítorí náà ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ ni ó rà á. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ falẹ̀, kò sì dé ibi tí a pinnu pé yóò dé.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìwọ̀nyí. Ẹ dákun, ẹ fetí sílẹ̀. Ní ọdún 1972 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pa L.E.D.B. pọ̀ mọ́ àwọn ìgbìmọ̀ ètò ìlú ti Ìkẹjà àti Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì sọ wọ́n di àjọ kan tí a ń pè ní L.S.D.P.C. Ní ọdún 1978 ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde, èyí tí ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ Gómìnà. Lábẹ́ òfin yìí, bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ire gbogbo ènìyàn, ilé tí ó wà lórí ilẹ̀ ni a máa ń san owó rẹ̀ ní pàtàkì, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ náà ń lọ lọ́jà. Ilé náà pàápàá, a ó kọ́kọ́ yọ gbígbó rẹ̀ kúrò nínú owó rẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àdúgbò àtijọ́ ní àárín ìlú. Ilẹ̀ ni ó wọ́n níbẹ̀, ilé ni ó ti gbó. Ohun tí ó wọ́n, a kò san án. Ohun tí ó ti gbó ni a san. Ní ti ayálégbé tí ó ti gbé ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé rárá.

A gbọ́dọ̀ fi iyìn fún ẹni tí iyìn tọ́ sí. Láàárín ọdún 1979 àti 1983, Gómìnà Lateef Jakande kọ́ ilé rẹpẹtẹ fún àwọn tí kò lọ́wọ́ púpọ̀, ní Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀, ní Abẹ́sàn, ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ní Ìjàìyè àti ní ibòmíràn. Àwọn kan fi ilé náà ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé kò lẹ́wà. Títí di òní olónìí ni ènìyàn ń gbé inú wọn, tí a sì ń pè wọ́n ní ilé Jakande. Ẹ̀kọ́ méjì wà níbẹ̀. Èkíní ni pé ilé tí kò ní ọ̀ṣọ́, tí a kọ́ lọ́pọ̀ yanturu, sàn ju ilé aláràbarà tí a kọ́ fún ìwọ̀nba. Èkejì ni pé owó ìṣúra ìjọba ni a fi kọ́ wọn, nígbà tí ìjọba ológun sì dé ní ìparí ọdún 1983, iṣẹ́ dúró. Ohun tí ó bá rọ̀ mọ́ ẹnì kan ṣoṣo, bí ẹni náà bá lọ, yóò já lulẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a rí ti Maroko. Ní oṣù Keje ọdún 1990, lábẹ́ ìjọba ológun ti Raji Rasaki, a fún àwọn ará ibẹ̀ ní ọjọ́ méje kí wọ́n kó ẹrù wọn. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ènìyàn, èyí tí í ṣe 300,000, ni ilé wó mọ́ lójú. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn onílé ni a kó lọ sí ilé tí a kò tíì parí ní ibòmíràn. Ayálégbé kò rí nǹkankan. Ilẹ̀ náà wà ní ẹ̀gbẹ́ Victoria Island, àwọn olówó ni ó sì ń gbé apá ibẹ̀ lónìí. Láti ìparí ọdún 2016 sí oṣù Kẹrin ọdún 2017, ohun kan náà dé bá àwọn ará Otodo Gbame ní etí ọ̀sà, tí iye wọn tó 30,000. Ilé-ẹjọ́ gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ní oṣù Kẹfà ọdún 2017 pé lílé ènìyàn kúrò ní ilé láìpèsè ibòmíràn fún un tẹ iyì ọmọ ènìyàn mọ́lẹ̀, kò sì bá òfin mu. Ẹ kíyè sí i: ní ọdún 1955, wọ́n kọ́kọ́ kọ́ Sùúrùlérè kí wọ́n tó wó ilé. Ní ọdún 1990 àti 2017, a kò rí Sùúrùlérè kankan. Bí ìgbà ṣe ń lọ síwájú ni àwa ń padà sẹ́yìn.

Ó kù kí a sọ ti owó gan-an, nítorí pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ẹ mú bébà, kí a jọ ṣírò. Ká ní ilé kékeré kan ná ni ní mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà láti kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ gòkè sí 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn báǹkì a máa wo òṣùwọ̀n yìí kí wọ́n tó sọ iye tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Ká tilẹ̀ ní wọ́n ṣàánú, wọ́n gba 25 péré. Èlé ọdún kan lórí mílíọ̀nù mẹ́wàá jẹ́ 2,500,000 náírà, èyí tí ó jẹ́ 208,333 náírà lóṣù, láì tíì san kọ́bọ̀ nínú ojú owó. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 jẹ́ 85,000 náírà. Kí òṣìṣẹ́ náà má jẹun, kí ó má wọ ọkọ̀, kí ó má rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, kò lè san ìdajì èlé.

Ìjọba mọ èyí. Nítorí rẹ̀ ni a fi ṣe òfin Àpò Ilé Gbígbé ti Orílẹ̀-Èdè ní ọdún 1992, pé kí òṣìṣẹ́ máa fi 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sí àpò kan, kí báǹkì tí ń yáni lówó ilé lè máa yá wọn ní èlé tí kò ga. Èlé 6 nínú ọgọ́rùn-ún ni a mọ̀ mọ́ àpò náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún ṣírò. Mílíọ̀nù mẹ́wàá ní èlé 6, tí a bá fẹ́ san án tán ní ọdún mẹ́wàá: ojú owó jẹ́ mílíọ̀nù kan lọ́dún, èlé ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ 600,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 133,333 náírà lóṣù. Ó ṣì ju gbogbo owó oṣù ẹni yẹn lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní èlé kékeré nìkan ni yóò yanjú ọ̀ràn ilé kò tíì ṣe ìṣirò rẹ̀ tán. Èlé gbọ́dọ̀ kéré, ọdún gbọ́dọ̀ gùn, iye ilé fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Èkó náà gbìyànjú. Ní ọdún 2014 wọ́n gbé ètò kan jáde tí ẹni tí ó fẹ́ ilé yóò kọ́kọ́ san 30 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó sì san ìyókù ní ọdún mẹ́wàá. Àwọn ènìyàn kígbe pé 30 ti pọ̀ jù. Ní ọdún 2016 wọ́n gbé òmíràn jáde, pé kí ènìyàn san 5 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó wọlé, kí ó máa san ìyókù bí owó ilé fún ọdún mẹ́wàá ní èlé 6, kí ohun tí ó sì ń san lóṣù má ju ìdá mẹ́ta owó tí ń wọlé fún un lọ. Ètò yìí sàn púpọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n ìwé owó oṣù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń ka ìwé yìí, èwo nínú yín ni ó ní ìwé owó oṣù? Ìyá tí ó ń ta ata, tí ó ń san àjọ lójoojúmọ́ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìpa ọjọ́ kan jẹ, ìwé kò mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé tí ó gba iṣẹ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí a lè dá dúró lọ́la, ìwé mọ̀ ọ́n. Ta ni ó ṣeé yá lówó jù nínú àwọn méjèèjì?

A kò fẹ́ kí a wí pé a ń dáni lẹ́bi láìfi ọ̀nà hàn. Ohun mẹ́rin ni àwa rò pé ó yẹ kí ó wà lórí ìwé, kí a tó fi katakata kan ògiri ẹnikẹ́ni.

Èkíní, kí a ka ènìyàn. Kí a kọ orúkọ onílé àti ayálégbé, kí a kọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, àti iye tí ń wọlé fún wọn. Kí a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí yóò fi hàn pé ó ní ẹ̀tọ́ láti padà wá. Ẹni tí a kò kà ni a máa ń gbàgbé.

Èkejì, kí a kọ́ kí a tó wó, kí ibi tí a ó kó wọn lọ sì jẹ́ ìtòsí. Kí a mú apá kan àdúgbò náà, kí a kọ́ ọ, kí a kó àwọn ará apá kejì wọ ibẹ̀, lẹ́yìn náà kí a wá wó apá kejì. Yóò falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n oníṣòwò kò ní pàdánù oníbàárà rẹ̀, ọmọ kò sì ní kúrò nítòsí ìyá àgbà.

Ẹ̀kẹta, kí èrè ilẹ̀ san owó ilé. Àwọn onímọ̀ ètò ìlú mọ ọ̀nà yìí, kò sì le. Ilẹ̀ àárín ìlú wọ́n. Nígbà tí a bá la ọ̀nà sí i tí a sì gbẹ́ gọ́tà, yóò túbọ̀ wọ́n. Ta ni èrè wíwọ́n náà tọ́ sí? Ká ní a kọ́ ilé 60 sí ibì kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ná wa ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 600 mílíọ̀nù. Ká ní a ta 20 nínú wọn fún àwọn olówó àti ilé iṣẹ́ ní mílíọ̀nù 25 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ti mú 500 mílíọ̀nù wọlé. Gbèsè tí ó kù lórí ilé 40 ìyókù jẹ́ 100 mílíọ̀nù péré, èyí tí ó jẹ́ mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ fún ilé kan. Bí a bá yá ènìyàn ní èyí ní èlé 6 fún ọdún 15, ohun tí yóò máa san ní ìbẹ̀rẹ̀ kò ju nǹkan bí 26,400 náírà lóṣù, yóò sì máa dínkù bí ojú owó ti ń dínkù. Ìdá mẹ́ta 85,000 jẹ́ 28,333. Ẹ rí i pé ó ti wọ inú àpò rẹ̀! Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ni kí a wò. Ilẹ̀ tí àwọn baba wọn fi sílẹ̀ ni ó san owó ilé fún wọn. Bí a bá ta ilẹ̀ náà fún olówó tí a sì lé wọn lọ, èrè kan náà yóò wà níbẹ̀, àpò ẹlòmíràn ni yóò kàn bọ́ sí.

Ẹ̀kẹrin, kí ìwé àjọ àti ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù di ẹ̀rí lójú àwọn tí ń yáni lówó. Ẹni tí ó ti san àjọ fún ọdún mẹ́wàá láìyẹ̀ ti fi ara rẹ̀ hàn. Kí a sì jẹ́ kí ó máa san lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù, bí òwò rẹ̀ ti rí, nítorí pé ọ̀kan nínú ohun tí ń pa ayálégbé Èkó ni owó ọdún kan tàbí méjì tí a máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kọ̀ fún onílé láti gbà ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò takò wá. Wọn yóò ní, bí a bá fún tálákà ní ilé ní owó pọ́ọ́kú, kì í pẹ́ tí yóò fi tà á fún olówó, tí yóò sì padà sí inú àbàtà. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè ìdí tí ó fi ń tà á. Bí a bá fún un ní ilé ní ibi tí kò ti lè rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, dandan ni kí ó tà á. Bí ilé náà bá wà nítòsí ọjà rẹ̀, kò ní yá a lára láti lọ. Kí òfin náà sì sọ pé, bí ó bá fẹ́ tà á kí ọdún mélòó kan tó pé, àjọ tí ó kọ́ ọ ni kí ó tà á fún ní iye tí ó tọ́, kí ẹlòmíràn tí ó wà ní ipò rẹ̀ lè wọ ibẹ̀.

Ẹ̀yin ará ìlú, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìjọba nìkan. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú ìwé ilẹ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí ẹbí tí ó ní ilé ní àárín ìlú jókòó, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ó ni ín sílẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà ṣì wà láàyè, kí ọjọ́ ìpín tó dé. Ẹ jẹ́ kí ayálégbé máa gba rìsíìtì, kí ó sì máa pa á mọ́. Nígbà tí a bá sì pè wá sí ìpàdé lórí ètò àdúgbò wa, kí a má ṣe rán ọmọdé lọ kí ó lọ bá wa gbọ́. Ẹni tí kò sí níbi ìpín, ẹlòmíràn ni yóò bá a mú tirẹ̀.

Èkó àkéte ni à ń pè é, ilé ọgbọ́n. Ẹ̀yin aláṣẹ wa, a kò ní kí ẹ má tún Èkó ṣe. Ẹ tún un ṣe, kí ó lẹ́wà, kí ó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ní ọjọ́ tí ẹ bá gé ríbọ́ọ̀nù ní ẹnu ọ̀nà ilé tuntun, ẹ wo àwọn tí ó dúró láti gba kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá rí ìyá aláṣọ wa láàárín wọn, ẹ mọ̀ pé ìṣirò yín pé. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ padà sí ìdí ìwé, ẹ wo ojú ìwé kejì.